Bí ẹ ṣe lè sọ ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré di ẹ̀dà ojúlówó ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo

Ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré, irú èyí tí àwọn èèyàn ń tò nílé fún ìgbádùn, tó ń jáde látinú páálí kì í sábà jẹ́ ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì kan pàtó. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é fẹ́ fi ara kan náà ta oríṣiríṣi nọ́ńbà, nítorí náà ohun tí gbogbo ẹ̀yà náà jọ ní ni wọ́n máa ń kó sí i lára, wọ́n á sì fo ohun tó mú èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Páìpù kan lè má sí níbẹ̀ rárá, dóòmù (ìkókó tó yọ lórí bọ́ílà) lè má rí bó ṣe yẹ, irin ìdìmú sì lè jẹ́ ìlà ike tó kàn wú díẹ̀ lára bọ́ílà, ìyẹn àgbá ńlá tí omi ti ń hó. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe, títí tí ẹni tó mọ ojúlówó yóò fi dá a mọ̀ láìwo nọ́ńbà, la kọ èyí fún.

Ẹ mú ọjọ́ kan kí ẹ tó mú abẹ

Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan lẹ ń yàn. Bó ṣe rí ní ọdún kan, àní ní oṣù kan bó bá ṣeé ṣe, lẹ ń yàn. Ẹ jẹ́ ká fi Flying Scotsman, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó lókìkí, ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ìtàn rẹ̀ wà lákọsílẹ̀ dáadáa. Nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́ Doncaster lọ́dún 1923, 1472 ni nọ́ńbà rẹ̀. Lọ́dún 1924 ó di 4472. Lọ́dún 1928 wọ́n so tẹ́ńdà (ọkọ̀ ẹ̀yìn tó ń kó èédú àti omi) tó ní ọ̀nà tóóró nínú mọ́ ọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ orí ẹ́ńjìnnì lè gbapò lọ́wọ́ ara wọn láì dá ọkọ̀ dúró láàárín London àti Edinburgh. Lọ́dún 1946 ó di 103. Ní oṣù kìíní ọdún 1947 wọ́n tún un kọ́ di ẹ̀yà A3, bọ́ílà míì sì gorí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba gba rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1948, ó di 60103. Lọ́dún 1954 wọ́n gbé ìjókòó awakọ̀ àti àwọn ohun ìdarí láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ní oṣù kìíní ọdún 1959 ó gba òpó èéfín oníhò méjì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1961 ó gba irin adarí-èéfín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àpótí èéfín, ìyẹn apá iwájú bọ́ílà tí òpó èéfín dúró lé. Ní oṣù kìíní ọdún 1963 wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan ló ń fa òmíràn níbẹ̀. Òpó oníhò méjì mú kí ẹ́ńjìnnì mí fàlàlà, ṣùgbọ́n agbára tó ń ti èéfín sókè rọ̀, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ síwájú fèrèsé awakọ̀, ìdí nìyẹn tí irin adarí-èéfín fi tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wá kọ 4472 sára ẹ́ńjìnnì tó ní irin adarí-èéfín, tó sì ní kó máa fa ọkọ̀ èrò ti ọdún 1935, ti da ọdún 26 pọ̀ mọ́ra wọn. Irú àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà kankan kò sì lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ọjọ́, ẹ wá fọ́tò. Ó kéré tán ẹ nílò ọ̀kan láti ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan láti ọwọ́ òsì, ọ̀kan láti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ọ̀kan tó fi ẹ̀yìn tẹ́ńdà hàn. Èyí tí wọ́n yà láti orí afárá ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kó bọ́, torí òun nìkan ló ń fi orí kábìnì, bí èédú ṣe ga tó àti ìdérí ibi tí wọ́n ti ń bu omi hàn. Ẹ má fi ọwọ́ ọ̀tún méfò ọwọ́ òsì. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ́ńjìnnì kì í bára mu: páìpù ńlá kan lè gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ílà kan kọjá, kó má sí ohunkóhun ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ má sì gba déètì abẹ́ fọ́tò gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lára tẹ́ńdà àwọn ẹ́ńjìnnì ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kìnnìún tó gun wíìlì ni àmì tó wà ṣáájú ọdún 1956. Kìnnìún tó yọ látinú adé, tó di wíìlì mú, dé lẹ́yìn ìyẹn. Àwo kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àpótí èéfín ń sọ ibùdó tí ẹ́ńjìnnì ń sùn. 34A ni ti King's Cross ní London. Bí àwo yẹn kò bá bá ọjọ́ tí ẹ mú mu, fọ́tò náà kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ohun méjì ló tún máa ń tan àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí pàápàá. Àkọ́kọ́ ni pé bọ́ílà kì í gbé orí ẹ́ńjìnnì kan títí ayé. Títún bọ́ílà ṣe máa ń pẹ́ ju títún férémù (egungun irin tó gbé bọ́ílà àti wíìlì) ṣe lọ, nítorí náà ilé iṣẹ́ á gbé bọ́ílà tó ti wà nílẹ̀ gorí férémù tó bá kọ́kọ́ parí. Ẹ́ńjìnnì kan lè wọlé àtúnṣe pẹ̀lú dóòmù roboto, kó jáde pẹ̀lú èyí tó fẹ̀ tó sì gùn. Tẹ́ńdà náà ń lọ, ó ń bọ̀, lọ́nà kan náà. Ìkejì ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tọ́jú pa mọ́ tó ṣì ń rìn lónìí. Ó wúlò púpọ̀ fún wíwo bí nǹkan ṣe so mọ́ra, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ohun ààbò òde òní kún un, ọ̀pọ̀ ohun ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti pààrọ̀. Ẹ fi kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Ìṣirò díẹ̀

OO, HO, O àti N ni orúkọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dín ojúlówó kù. Ìwọ̀n OO ni 1:76.2 (mìlímítà kan dúró fún 76.2 ti ojúlówó), HO ni 1:87, O ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni 1:43.5, N ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni 1:148. Ẹ sọ ìwọ̀n ojúlówó di mìlímítà, kí ẹ fi nọ́ńbà ìwọ̀n yín pín in. Wíìlì ńlá A3 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8, ìyẹn 2032 mm; lórí OO, ó di 26.7 mm. Irin ìdìmú tó nípọn tó 32 mm di 0.42 mm, nítorí náà wáyà 0.45 mm sún mọ́ ọn dáadáa. Èyí tó bá nípọn tó 0.7 mm á dà bí ọ̀pá omi, bó ti wù kí ẹ kùn ún dáadáa tó.

Ibì kan wà tí ìṣirò kò ti ní bá yín ṣe é. Ojú irin OO fẹ̀ tó 16.5 mm, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1435 mm ti ojúlówó yẹ kó fún wa ní 18.8 mm. Ìyẹn ni pé gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnnì ti fún ju bó ṣe yẹ lọ, wíìlì sì nípọn ju ti ojúlówó. Ohun tó bá wà láàárín wíìlì àti férémù, tàbí lẹ́yìn sìlíńdà (àgbá tó ń ti ọ̀pá wíìlì), ẹ gbà pé yóò sún díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ohun tó wà lókè pátákó ìrìn tó yí bọ́ílà ká kò ní àwáwí kankan: ó gbọ́dọ̀ pé.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun

Ẹ sá ẹ́ńjìnnì náà fún ìdajì wákàtí síwájú àti ìdajì wákàtí sẹ́yìn, ní bó ṣe wà. Bó bá ń ta kìjì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ní kété tí abẹ bá kàn án, kò sẹ́ni tí yóò gbà á mọ́. Ó tún ṣe pàtàkì torí pé bí wàhálà bá dé lẹ́yìn, ẹ ó mọ̀ pé ohun tí ẹ fi kún un ló fà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú ara kúrò lórí férémù. Ìdè (síkúrúù) máa ń wà lábẹ́ níwájú, ọ̀kan tàbí méjì sì máa ń wà lábẹ́ kábìnì. Gígùn wọn kì í dọ́gba, nítorí náà ẹ fi ìdè kọ̀ọ̀kan sínú pépà tí ẹ kọ ibi tó ti jáde sí; ìdè gígùn tó bọ́ sí ihò kúkúrú á gún bọ́ílà láti inú wá. Bí wáyà bá lọ láti ẹ́ńjìnnì sí tẹ́ńdà, ẹ wo bó ṣe so kí ẹ tó fà á.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: ìlu ọwọ́ pẹ̀lú ẹnu 0.3 sí 1.0 mm, abẹ ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ bíi ti ọ̀bẹ agbẹ́gilére, ẹmú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, fáìlì wẹ́wẹ́, sáńpépà 600, 1000 àti 1500, àti kálípà tí a fi ń wọn ìnípọn. Ẹ ra ẹnu ìlu 0.5 mm tó pọ̀ díẹ̀, torí pé ó máa ń ṣẹ́.

Gígé ohun tí wọ́n dà mọ́ ọn

Irin ìdìmú tó jẹ́ ike, páìpù tó wú lára bọ́ílà, èédú ike inú tẹ́ńdà, gbogbo wọn ni kó kúrò. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ohun tí ẹ fẹ́ gé, kí abẹ má baà ṣá ríbẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé àárín, kí ẹ yí i padà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì. Bí ẹ bá gé e lọ tààrà dé òpin, abẹ á wọ inú bọ́ílà níbi tó bá ti fẹ́ já. Ẹ máa bó o ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tó bá ku bíi 0.2 mm, ẹ fi abẹ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ha, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sáńpépà 600 tó lómi yún un, kí 1000 tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú díẹ̀ kun ibẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ojú kì í rí egbò lára ike dúdú, ṣùgbọ́n ọ̀dà eérú á tú u fó lójú ẹsẹ̀.

Òpó èéfín àti dóòmù

Níbí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Òpó èéfín ni ojú ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, àléébù ìdajì mìlímítà lára rẹ̀ sì ń ba gbogbo ìrísí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Àwọn tó ń ta ohun ara ẹ́ńjìnnì máa ń tà á ní idẹ tí wọ́n dà tàbí ní irin rírọ̀ funfun. Idẹ ni kí ẹ mú bí owó bá gbà á: ètí rẹ̀ máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń gba fáìlì.

Ẹ gé ti ike kúrò bí a ṣe sọ lókè, ẹ fi ìlu lu ihò sí àárín gan-an kó lè gba ìrù òpó tuntun. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ fa ìlà àárín láti iwájú dé ẹ̀yìn lórí bọ́ílà: ẹ lẹ téèpù tóóró láti ẹ̀gbẹ́ kan pátákó ìrìn dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ sàmì sí i níbi méjèèjì tó ti kan pátákó, ẹ bó o, ẹ wọn ìdajì rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe é níbi méjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Ìlà tó bá so àmì méjèèjì pọ̀ ni àárín.

Ìsàlẹ̀ òpó gbọ́dọ̀ jókòó lórí bọ́ílà láìsí àlàfo. Ẹ wá páìpù tí ìbú rẹ̀ bá ti àpótí èéfín dọ́gba, ẹ wé sáńpépà 600 mọ́ ọn pẹ̀lú ojú rẹ̀ síta, kí ẹ máa yún ìsàlẹ̀ òpó lórí rẹ̀, ní gígùn páìpù nìkan, títí gbogbo etí rẹ̀ yóò fi kan án. Etí yẹn lára ojúlówó fẹ́lẹ́ gan-an. Bí ti yín bá ní ìpẹ̀kun tó dúró bí àtẹ̀gùn, ẹ fi fáìlì ré e láti òkè títí yóò fi yọ́ mọ́ bọ́ílà.

Epoxy (gọ́ọ̀mù alápá méjì tí a ń pò pọ̀) tó ń gba wákàtí kí ó tó le ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú 5, kì í sì í ṣe súpà gúlù. Ẹ nílò àyè láti tún un gbé. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sórí dígí pẹrẹsẹ, ẹ gbé irin onígun mẹ́rin tó dúró ṣánṣán sẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo òpó láti iwájú gan-an pẹ̀lú ojú kan, lẹ́yìn náà láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wọn gíga rẹ̀ láti orí ojú irin dé etí òkè, kí ẹ fi wé àwòrán ìdíwọ̀n. Ẹ tún padà wò ó lẹ́yìn ìdajì wákàtí, torí ó máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gọ́ọ̀mù ṣe ń rọ̀ kí ó tó gan. Dóòmù náà ń gba ìlànà kan náà, àmọ́ ẹ rí i pé orí rẹ̀ àti orí òpó wà nípele tí fọ́tò fi hàn. Àjọṣe gíga méjèèjì yẹn ló ń fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀.

Irin adarí-èéfín, bí ọjọ́ yín bá ní in, ẹ gé e látara idẹ tó fẹ́lẹ́ tó 0.15 mm. Bó bá jẹ́ ike tó nípọn lẹ ní, ẹ fi fáìlì ré etí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí ojú tó wà níta nìkan ṣẹ́ kù. Ojú kì í rí ìnípọn àárín, etí nìkan ló ń rí.

Irin ìdìmú

Wáyà tó ti wé rí kì í tọ́ nípa fífi ọwọ́ nà án. Ẹ fi ẹmú ńlá di ìpẹ̀kun méjèèjì mú, kí ẹ fà á títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó yọ̀ǹda díẹ̀; láti ìgbà náà ló ti tọ́ gbọnrangandan. Ẹ gé èyí tó bá ṣẹ́kọ́rọ́ dànù.

Kóró tó ń di wáyà mú máa ń wá ní kúkúrú, àárín àti gígùn. Àpótí èéfín máa ń sanra ju bọ́ílà lọ lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bọ́ílà mìíràn sì ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sí kábìnì, nítorí náà irin tó fẹ́ dúró ní ìlà kan gbọ́dọ̀ gba kóró oríṣi méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá lo oríṣi kan ṣoṣo, irin á máa lọ sókè sódò. Ẹ ka iye kóró nínú fọ́tò. Wọn kì í wà ní àlàfo tó dọ́gba.

Ẹ lẹ téèpù tóóró mọ́ bọ́ílà kí etí rẹ̀ jẹ́ ìlà, ẹ sàmì sí ibi kóró kọ̀ọ̀kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún àmì náà kí ìlu má baà yọ̀, kí ẹ sì fi ìlu 0.5 mm lu ú. Bí ìrù kóró yín bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìlu fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kó gbogbo kóró sórí wáyà kí o tó fi gọ́ọ̀mù kan ọ̀kankan lára wọn ni òfin ibẹ̀. Ẹ ti gbogbo wọn sínú ihò láìsí gọ́ọ̀mù, ẹ wò ó láti iwájú, kí ẹ tó fi súpà gúlù kan ti ìpẹ̀kun méjèèjì. Ẹ tún wò ó. Ti àárín ló kẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ gọ́ọ̀mù sí i láti inú bọ́ílà bí ọwọ́ bá tó ibẹ̀, torí èyí tó bá ṣàn síta á kọ̀ láti gba ọ̀dà bíi ti yòókù.

Ibi tí irin bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lọ sí iwájú àpótí èéfín, ẹ tẹ wáyà mọ́ ọ̀pá tó kéré díẹ̀ ju ìtẹ̀ tí ẹ fẹ́, torí wáyà máa ń na padà.

Páìpù, àti iná tó ń gba ibi tí kò yẹ

Wáyà bàbà 0.7 sí 0.9 mm dára fún páìpù omi àti ti búréèkì. Ó ń tẹ̀ dáadáa. Páìpù ojúlówó kì í tọ́ pátápátá, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ níbi tí fọ́tò bá ti fi hàn pé ó tẹ̀. Tíńtín idẹ pẹlẹbẹ tí ẹ ká mọ́ páìpù ló máa di ìdè rẹ̀ mọ́ bọ́ílà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́ẹ̀dì jó páìpù mọ́ nǹkan mìíràn, ẹ jó o kí ẹ tó gbé e dé ara ike. Irin rírọ̀ funfun kò gba áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì lásán: á yọ́ mọ́ yín lójú. Lẹ́ẹ̀dì tó ń yọ́ ní 70°C wà fún un, áyọ́ọ̀nù tí ẹ lè dín ooru rẹ̀ kù sì ni ẹ ó fi jó o. Lẹ́ẹ̀dì 70°C yìí kì í di idẹ mú fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì lásán bo ojú idẹ náà. Irin rírọ̀ yẹn àti lẹ́ẹ̀dì sábà máa ń ní òjé nínú: ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì fẹ́ eruku fáìlì pẹ̀lú ẹnu.

Ewu tó pọ̀ jù wà nísàlẹ̀. Páìpù iyanrìn tó wálẹ̀ síwájú wíìlì, páìpù tó ń da omi nù lábẹ́ sìlíńdà, irin búréèkì: bí irin kan lára wọn bá kan wíìlì apá ọ̀tún, tí òmíràn sì kan ti òsì, iná ti pàdé, ẹ́ńjìnnì á dúró gbọin, ẹ̀rọ ìdarí kékeré inú rẹ̀ sì lè jó. Ike tóóró ni kí ẹ fi ṣe àwọn páìpù yìí bó bá ṣeé ṣe. Bó bá gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, ẹ fi àlàfo 1 mm sílẹ̀, kí ẹ sì fi fáníìṣì bo ojú tó kọ sí wíìlì. Ọ̀dà nìkan kò tó. Wíìlì á ha á kúrò.

Iwájú àti tẹ́ńdà

Pátákó bọ́fà (pátákó iwájú tó gbé irin tó ń gba ìkọlù ọkọ̀) ń fẹ́ ìkọ́ onídè tó ń so ọkọ̀ pọ̀, páìpù búréèkì tó dúró, àti páìpù ooru tó ń lọ sínú ọkọ̀ èrò. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún fọ́tò wò, torí wọ́n sábà máa ń yọ páìpù ooru kúrò nígbà tí òtútù bá lọ. Pín-ìnnì sitépílà tí ẹ fi fáìlì yún ló dára fún irin tí wọ́n ń fi fìtílà há. Fìtílà méjì, ọ̀kan lókè bọ́fà kọ̀ọ̀kan, ni ti ọkọ̀ èrò tó ń sáré. Ẹyọ kan ṣoṣo lókè àpótí èéfín ni ti ọkọ̀ èrò tó ń dúró káàkiri.

Àtẹ̀gùn iwájú àti páìpù abẹ́ sìlíńdà ló máa ń há mọ́ wíìlì kéékèèké iwájú lórí ojú irin tó ṣẹ́ kọ́rọ́. Lórí ìṣẹ́kọ́rọ́ tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 438 mm, tó wọ́pọ̀ lórí OO, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oníwíìlì ńlá kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ pinnu ṣáájú: yálà ẹ fẹ ojú irin, tàbí ẹ ré ẹ̀yìn àtẹ̀gùn pẹ̀lú fáìlì, tàbí ẹ fi páìpù náà sílẹ̀. Ní tiwa, ẹ́ńjìnnì tó ń rìn láìsí páìpù kan sàn ju èyí tó pé tó sì ń jábọ́.

Nínú tẹ́ńdà, ojúlówó èédú ni kí ẹ lò. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ nínú àpò, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ mú èyí tó tó 2 sí 4 mm fún OO pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú díẹ̀. Ẹ tò ó gbẹ, kí ẹ wá fi gọ́ọ̀mù funfun àti omi ní ìdajì-ìdajì, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ àwo kan, kán sórí rẹ̀. Láìsí ọṣẹ, omi gọ́ọ̀mù á ká jọ lórí eruku kò ní wọlé. Iwájú tẹ́ńdà, níbi tí adáná ti ń kó o, kì í kún bí ẹ̀yìn.

Ọ̀dà, nọ́ńbà àti àwo

Bí àwọ̀ ilé iṣẹ́ bá dára, ẹ má kun gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ kan yọ nọ́ńbà àtijọ́: ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú omi tó ń là ọ̀dà enamel pa á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi igi ìtayín ha á pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ibi tí kò hàn, torí ọ̀dà ilé iṣẹ́ mìíràn á bá nọ́ńbà lọ.

Sítíkà olómi kì í dúró dáadáa lórí ọ̀dà tí kò dán. Afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á sì máa tàn bíi fàdákà. Ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì dídán kun ibẹ̀, kó gbẹ fún wákàtí 24. Ẹ rì sítíkà náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ yọ́ ọ sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tì í sí ìlà, kí ẹ sì fi omi tó ń mú sítíkà rọ̀ kàn án. Á hunjọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án, á na ara rẹ̀ mọ́ ríbẹ́ẹ̀tì bó bá gbẹ.

Àwo orúkọ àti nọ́ńbà iwájú tí wọ́n fín sára idẹ ni kí ẹ fi abẹ gé lórí dígí tàbí irin líle, kì í ṣe síṣọ́ọ̀sì, torí síṣọ́ọ̀sì á ká a. Ẹ kùn ún tán, kí ẹ wé sáńpépà 1500 mọ́ igi pẹrẹsẹ, ẹ fi nu ojú lẹ́tà nìkan. Ẹ̀kán fáníìṣì ló yẹ kó lẹ̀ ẹ́. Súpà gúlù máa ń tú èéfín funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tó wà nítòsí. Èéfín yẹn kan náà ló ń ba gíláàsì kábìnì jẹ́, nítorí náà gọ́ọ̀mù funfun ni kí ẹ fi lẹ gíláàsì. Fáníìṣì tí kò dán púpọ̀ ló ń kẹ́yìn.

Ìdọ̀tí iṣẹ́

Ìdọ̀tí ní orírun, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kùn ún. Eruku búréèkì máa ń bo wíìlì àti férémù ní àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀. Òróró ń mú ọ̀pá àti sìlíńdà dúdú, ó sì ń dán. Èéfín ń jókòó sórí bọ́ílà àti orí kábìnì. Eérú dúdú ni, kì í ṣe dúdú kirikiri. Níbi tí omi gbígbóná bá ti ń jò, ní ẹsẹ̀ fáàfù, ní ìdérí ihò ìfọbọ́ílà, ẹ óò rí ìlà funfun tí ẹfun inú omi fi sílẹ̀. Lára tẹ́ńdà, omi tó dà sílẹ̀ nígbà ìbomi máa ń fọ ìdọ̀tí kúrò ní ìlà.

Ọ̀nà tó dára jù fún ara ẹ̀gbẹ́ ni pé kí ẹ kun gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú enamel aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti ṣàn bí omi, ẹ dúró bíi ìdajì wákàtí, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tó lọ́rinrin pẹ̀lú omi ìlà-ọ̀dà nù ún kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀, tààrà. Èyí tó bá kù sí ẹ̀gbẹ́ ríbẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ irin ìdìmú ni ìdọ̀tí tó yẹ kó kù. Fáníìṣì acrylic ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ enamel ló wà lábẹ́, omi náà á jẹ ẹ́ dé nọ́ńbà. Fún wíìlì, ẹ yí ẹ́ńjìnnì dojú dé, ẹ fi wáyà fún un ní iná kí wíìlì máa yí jẹ́jẹ́, kí ẹ fi ìbọn ọ̀dà tó ń fẹ́ ní 15 sí 20 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) fọ́n ọn. Ẹ nu ojú tó ń tẹ ojú irin kí ọ̀dà tó gbẹ, torí ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé.

Kí ẹ tó dì í

Ẹ sá a lórí ìṣẹ́kọ́rọ́ tó fún jù lọ tí ẹ ní, síwájú àti sẹ́yìn, nínú òkùnkùn. Bí iná kan bá ta níbikíbi, ojú yín á rí i. Ohun irin tí ẹ fi kún iwájú lè mú kí ẹ́ńjìnnì tẹ̀ síwájú, kí wíìlì ńlá ẹ̀yìn máa yọ̀. Òjé díẹ̀ nínú kábìnì tàbí lókè wíìlì àárín á tún un ṣe.

Fóòmù inú páálí náà kò bá ẹ́ńjìnnì yín mu mọ́. Ẹ gé e níbi irin ìdìmú, òpó èéfín, páìpù iwájú àti àtẹ̀gùn, kí ẹ sì kọ sára páálí níta ibi tí ọwọ́ lè dì mú: lábẹ́ férémù níwájú àti lábẹ́ kábìnì, kì í ṣe bọ́ílà.